Ṣé Ká Dá Wọn Padà Sípò?

Ọ̀rọ̀ àwọn obìnrin méjì kan ni mo fẹ́ fi bẹ̀rẹ̀. Ìsọ̀ elélùbọ́ ni mo wà tí wọ́n fi ń jiyàn lórí òṣèlú kan tó wà lórí àléfà, tó tún fẹ́ jáde.

Èkíní ní, "Ẹ jẹ́ kó padà, jàre. Ẹni tó ti yó, wọ̀bìà rẹ̀ á dín kù. Bí ẹ bá gbé ẹlòmíràn tí ebi ń pa wọlé, àtibẹ̀rẹ̀ ni yóò tún máa jẹ ẹ́."

Èkejì dáhùn pé, "Ẹnu tó ti mọ adùn oyin, ǹjẹ́ ó máa ń ṣíwọ́ bí? Ọdún mẹ́rin tó o. Kó máa lọ."

Wọ́n bá kọjú sí mi: "Bàbá akọ̀wé, ẹ bá wa dá a." Mo rẹ́rìn-ín, mo gba èlùbọ́ mi, mo bá tèmi lọ. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ náà kò kúrò lọ́kàn mi. Ikùn ọkùnrin náà ni àwọn méjèèjì ń sọ. Kò sí ẹni tó dárúkọ iṣẹ́ tó ṣe.

Àwọn kan a máa wí pé ẹni tó bá ti gorí àléfà kò ṣe é lé. Irọ́ ni. Ní ọdún 2003, àwọn gómìnà mẹ́fà tí ẹgbẹ́ AD ní nílẹ̀ Yorùbá ló tún jáde. Nígbà tí wọ́n kéde èsì, márùn-ún ló fìdí rẹmi: Lam Adésínà ní Ọ̀yọ́, Ṣẹ́gun Ọ̀ṣọbà ní Ògùn, Bísí Àkàndé ní Ọ̀ṣun, Níyì Adébáyọ̀ ní Èkìtì, àti Adébáyọ̀ Adéfarátì ní Òndó. Bọ́lá Tinúbú ti Èkó nìkan ló padà.

Ní ti Ọ̀yọ́, ó ti fẹ́ dà bí èèwọ̀. Bọ́lá Ìgè wọlé ní 1979, wọ́n kéde pé ó fìdí rẹmi ní 1983. Ti Lam Adésínà nìyẹn ní 2003. Àlàó-Akálà náà fìdí rẹmi ní 2011. Ó di 2015 kí Abíọ́lá Ajímọ̀bi tó wọlé lẹ́ẹ̀kejì, ìyẹn ni wọ́n ṣe ń pè é ní Kòṣẹlẹ̀rí. Ṣèyí Mákindé náà tún wọlé ní 2023. A wá rí i pé kò sí èèwọ̀ kankan níbẹ̀.

Ní ti ààrẹ Nàìjíríà, 2015 yẹn kan náà ni olùdìbò kọ́kọ́ yọ ẹni tó wà lórí àléfà. Goodluck Jonathan ní ìbò 12,853,162, Muhammadu Buhari ní 15,424,921.

Ṣùgbọ́n Èkìtì ló yẹ ká fi ṣe àríkọ́gbọ́n jù. Káyọ̀dé Fáyẹmí ń fún àwọn arúgbó kan ní 5,000 náírà lóṣooṣù nígbà tó wà níbẹ̀, ṣùgbọ́n àárín òun àti àwọn olùkọ́ kò gún, nítorí ìdánwò tó ní kí wọ́n ṣe. Ní oṣù kẹfà 2014, Ayọ̀ Fáyóṣé nà án ní gbogbo ìjọba ìbílẹ̀ mẹ́rìndínlógún. Nígbà tí sáà Fáyóṣé ń parí lọ, àwọn òṣìṣẹ́ ń ké pé ìjọba jẹ àwọn lówó oṣù. Ní 2018, Fáyẹmí borí igbákejì Fáyóṣé, ó sì padà sípò.

Ọdún yẹn gan-an ni ọ̀rọ̀ "dìbò kóo sebẹ̀" gbòde ní Èkìtì àti Ọ̀ṣun. Ẹ̀yin ará, ọdún mẹ́rin jẹ́ ọjọ́ 1,461. Bí owó ìbò bá se ọbẹ̀ ọjọ́ kan, ta ni yóò se ti 1,460 tó kù?

Ohun kan tún wà tí ọ̀pọ̀ wa kì í fiyè sí. Kì í ṣe gbogbo ẹni tó kúrò ni olùdìbò lé. Ìbò abẹ́lé ẹgbẹ́ ló gbé Akínwùnmí Àmbọ̀dé kúrò ní Èkó ní 2018. Ará ìlú tí kò sí nínú ẹgbẹ́ kò rí àyè wí bóyá ó ṣe é dáadáa tàbí kò ṣe é. Ẹni tó bá fẹ́ kí ohùn òun dé ibẹ̀, kó tètè forúkọ sílẹ̀ nínú ẹgbẹ́.

Òfin kò jẹ́ kí a dìbò yan gómìnà ju ẹ̀ẹ̀mejì lọ. Ti àwọn aṣòfin kò lópin: ọgbà tó yí wọn ká kò ju ìbò wa lọ. Òótọ́ ni pé òfin gbà wá láyè láti pe aṣòfin padà kí sáà rẹ̀ tó pé, ṣùgbọ́n ó gbọ́dọ̀ ju ìdajì àwọn tó forúkọ sílẹ̀ láti dìbò lágbègbè náà tí yóò fọwọ́ sí i. Wọ́n gbìyànjú rẹ̀ lórí sẹ́nétọ̀ ìwọ̀ oòrùn Kogí ní 2018. Nígbà tí wọ́n yẹ orúkọ wò, kò pé 6 nínú 100 tó dúró. Nítorí náà, ọjọ́ ìbò kejì ni ọjọ́ ìṣirò.

Ìbò àkọ́kọ́, ìlérí la fi ń dì í. Ìbò kejì, iṣẹ́ tí ojú wa rí ni. Ẹ wá ìwé ìlérí rẹ̀ jáde. Ẹ bi ara yín pé: ọ̀nà wo ló là? Ǹjẹ́ olùkọ́ ń gba owó oṣù? Ǹjẹ́ oògùn wà nílé ìwòsàn? Kí ló bá nílẹ̀, kí ló sì ń fi sílẹ̀? Ẹ má wí pé ọmọ wa ni, ẹ má sì lé e nítorí pé ojú rẹ̀ ti sú yín.

Ẹ sì jáde o! Ní 2023, ó lé ní mílíọ̀nù 93 tó forúkọ sílẹ̀ jákèjádò Nàìjíríà, ṣùgbọ́n nǹkan bí mílíọ̀nù 25 péré ló dìbò yan ààrẹ. Ẹni tó jókòó sílé ti fi ìdájọ́ lé ẹlòmíràn lọ́wọ́.

Ẹ̀yin ìyá mi méjèèjì ní ìsọ̀ elélùbọ́, èsì mi rèé. Ẹ fi ikùn rẹ̀ sílẹ̀, ẹ wo ọwọ́ rẹ̀. Bó bá ṣiṣẹ́, yinni yinni kẹ́ni ó ṣèmíìn: ẹ dá a padà. Bí kò bá ṣiṣẹ́, àgbà tó jẹ àjẹìwẹ̀yìn ni yóò ru igbá rẹ̀ délé.

Ó di ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀.