Kọ̀ǹpútà Kò Mọ Ohun Tí Akẹ́kọ̀ọ́ Sọ

Bí àsìkò iṣẹ́ àṣekágbá bá ti wọlé ní yunifásítì àti kọ́lẹ́ẹ̀jì olùkọ́ nílẹ̀ wa, àwọn ṣọ́ọ̀bù oníkọ̀ǹpútà tó wà lẹ́nu géètì a máa kún fọ́fọ́. Akẹ́kọ̀ọ́ á gbé àpò wọlé. Ìwé ìbéèrè tí àwọn ọmọ ilé-ìwé ti fi bírò máàkì ló wà nínú rẹ̀. Yóò kó o lé ọmọ ṣọ́ọ̀bù lọ́wọ́, yóò san owó, yóò sì ní òun ń bọ̀ wá gba Orí Kẹrin, ibi tí èsì ìwádìí máa ń wà, lọ́jọ́ Jímọ̀. Bó bá di ọjọ́ ìgbèjà iṣẹ́, tí olùkọ́ kan bá bi í pé báwo ló ṣe mọ̀ pé òótọ́ ni nọ́ńbà tó wà nínú tábìlì kejì, ìdáhùn rẹ̀ á ṣe ṣókí: “Excel ló ṣe é, sà.” Ọ̀rọ̀ á parí síbẹ̀, nítorí èrò ẹni tó béèrè kò yàtọ̀ sí ti ẹni tó dáhùn. Àwọn méjèèjì gbà pé kọ̀ǹpútà kì í ṣìṣe.

Ìgbàgbọ́ yìí kò tọ̀nà, ìpalára tó sì ń ṣe kò kéré. Ọmọ ilé-ìwé ló ń pa lára: ọmọ tó jókòó, tó ronú, tó fi òótọ́ inú dáhùn ogún ìbéèrè, tí ohun tó sọ kò sì dé etí ẹnikẹ́ni.

A mọ ibi tí ìgbàgbọ́ náà ti ṣẹ̀ wá. Kó tó di ọdún 1979, orí ìwé ńlá ni àwọn oníṣirò ti ń fa ìlà. Bí nọ́ńbà kan bá yí padà, àfi kí wọ́n fi rọ́bà pa gbogbo èyí tó tẹ̀lé e rẹ́. Dan Bricklin, tó ń kàwé nípa òwò ní Harvard nígbà náà, àti ọ̀rẹ́ rẹ̀ Bob Frankston ló ṣe VisiCalc, ètò tábìlì orí kọ̀ǹpútà, lọ́dún náà, tí nọ́ńbà fi ń tún ara rẹ̀ ṣe lójú ẹsẹ̀. Excel tẹ̀lé e ní 1985. Láti ìgbà náà, ìṣirò tó ń gba ọjọ́ mẹ́ta kò gba ìṣẹ́jú kan mọ́. Ẹ ní kó ro ìdáhùn ẹgbẹ̀rún pọ̀, kò ní gbàgbé ìkankan, kò sì ní rẹ̀ ẹ́. Ìṣirò ló mọ̀. Ohun tí nọ́ńbà dúró fún ni kò mọ̀.

Ká mú kíláàsì kan tó ní ọmọ 40. Gbólóhùn tí wọ́n fún wọn ni “Mo máa ń gbádùn ìṣirò.” Ìdáhùn mẹ́rin ló wà: mo gbà gan-an jẹ́ 4, mo gbà jẹ́ 3, n kò gbà jẹ́ 2, n kò gbà rárá jẹ́ 1. Ọmọ 32 mú “mo gbà”. Àwọn mẹ́jọ tó kù kò máàkì ohunkóhun. Bí ẹni tó ń tẹ̀ ẹ́ bá fi àpótí àwọn mẹ́jọ náà sílẹ̀ lófìfo, fọ́múlà AVERAGE yóò fò wọ́n, yóò sì fi 32 pín 96. Ìpíndọ́gba rẹ̀ jẹ́ 3. Ṣùgbọ́n ọmọ ṣọ́ọ̀bù kò fẹ́ kí àlàfo wà nínú iṣẹ́ rẹ̀. Ó tẹ òdo sí gbogbo wọn. Lójú Excel, nọ́ńbà ni òdo. Ó fi 40 pín 96, ó sì gbé 2.4 jáde.

Ẹni tí kò bá mọ àṣà ìwádìí ẹ̀kọ́ ní Nàìjíríà lè ní kí ni 3 àti 2.4 fi jura wọn lọ. Nínú àṣà náà, 2.5 ni ààlà. Ohun tó bá dé 2.5, akẹ́kọ̀ọ́ á kọ ọ́ síwájú rẹ̀ pé a gbà á. Ohun tí kò bá dé e, a kọ̀ ọ́. Òdo mẹ́jọ tí ẹnikẹ́ni kò sọ ti sọ kíláàsì tó fẹ́ràn ìṣirò di kíláàsì tó kórìíra rẹ̀. Fọ́múlà náà kò ṣe àṣìṣe kankan.

Ààlà 2.5 yìí gan-an yẹ ní ohun tí à ń pè lẹ́jọ́. Ibi tó ti wá kò ju pé wọ́n ro 4, 3, 2 àti 1 pọ̀, wọ́n fi 4 pín in. Rensis Likert, ará Amẹ́ríkà tó gbé irú ìbéèrè onípele bẹ́ẹ̀ jáde ní 1932, ń wá bí èèyàn ṣe lè mọ ìhà tí àwọn ènìyàn kọ sí nǹkan. Ìpele ni “mo gbà” àti “mo gbà gan-an”. Wọn kì í ṣe kílò, wọn kì í ṣe mítà. Ta ló wọn àlàfo tó wà láàárín wọn? Ká tún mú kíláàsì méjì, ọmọ 40 nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan, ká bi wọ́n bóyá ó yẹ kí olùkọ́ máa fi èdè Yorùbá ṣàlàyé sáyẹ́ǹsì. Nínú ti àkọ́kọ́, 20 ní àwọn gbà gan-an, 20 ní àwọn kò gbà rárá. Nínú ti èkejì, 20 gbà, 20 kò gbà. Ẹ ṣe é lórí kọ̀ǹpútà, ẹ ṣe é lórí ìwé, 2.5 ni méjèèjì. A gbà á, a gbà á. Kíláàsì kan ń fa ìjà, èkejì ṣì ń ro ọ̀rọ̀ wò, Orí Kẹrin sì kọ ohun kan náà nípa wọn.

Bẹ́ẹ̀, fọ́múlà COUNTIF wà nínú Excel kan náà. Yóò sọ iye ọmọ tó mú ìdáhùn kọ̀ọ̀kan, ẹni tó bá sì ya àwòrán ti kíláàsì àkọ́kọ́ yóò rí òkè méjì tó dúró ní ìpẹ̀kun méjì, pẹ̀lú àfonífojì láàárín. Ìgbà yẹn ló máa tó béèrè ìbéèrè tó yẹ: ta ni àwọn 20 tó kọ̀ jálẹ̀? Ṣé ọmọ ilé-ìwé aládàáni ni gbogbo wọn? Ṣé àwọn tí kì í sọ Yorùbá nílé ni? Ìwádìí bẹ̀rẹ̀ níbẹ̀, ibẹ̀ gan-an sì ni ìpíndọ́gba ti dé e ní ìdérí.

Excel tún máa ń ṣe ìrànlọ́wọ́ tí ẹnikẹ́ni kò bẹ̀ ẹ́. Wọ́n bi ọmọ pé wákàtí mélòó ló fi ń kàwé lójúmọ́, ó kọ 2-3. Bí wọ́n bá ti tẹ̀ ẹ́ báyìí, Excel á sọ ọ́ di déètì. Kọ̀ǹpútà tí wọ́n tò bíi ti Amẹ́ríkà á pè é ní ọjọ́ kẹta oṣù kejì. Èyí tí wọ́n tò bíi ti Bìrìtìkó á pè é ní ọjọ́ kejì oṣù kẹta. Lábẹ́ déètì náà, nọ́ńbà tó ju 45,000 lọ ni Excel fi pamọ́, òun ni yóò sì kó wọnú ìpíndọ́gba. Nọ́ńbà ìforúkọsílẹ̀ 0045 á di 45. Ọmọ kan kọ Ọ̀ṣun, èkejì kọ Osun, ẹ̀kẹta kọ Oshun, ẹ̀kẹrin tẹ àlàfo kan sẹ́yìn Osun: ìpínlẹ̀ mẹ́rin ni kọ̀ǹpútà rí.

Kí ẹnikẹ́ni má rò pé àìmọ̀ọ́kọ àwọn ọmọ ilé-ìwé ló fà á. Àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì tó ń ṣèwádìí jíìnì ara ènìyàn fojú winá ohun kan náà. Jíìnì kan ń jẹ́ SEPT2 tẹ́lẹ̀. Excel ń sọ ọ́ di ọjọ́ kejì oṣù Sẹ̀tẹ́ńbà. Ní 2016, àwọn olùwádìí ní Australia yẹ àwọn àpilẹ̀kọ tó ní fáìlì Excel jíìnì nínú wò, wọ́n sì rí irú àṣìṣe bẹ́ẹ̀ nínú nǹkan bí ìdá kan nínú márùn-ún. Nígbà tó di 2020, ìgbìmọ̀ tó ń sọ jíìnì lórúkọ yí orúkọ àwọn jíìnì náà padà: SEPT2 di SEPTIN2, MARCH1 di MARCHF1.

Àpẹẹrẹ tó wúwo jù ni ti Carmen Reinhart àti Kenneth Rogoff, ọ̀jọ̀gbọ́n méjì nínú ètò ọrọ̀-ajé. Ní 2010, wọ́n tẹ àpilẹ̀kọ kan jáde pé orílẹ̀-èdè tí gbèsè rẹ̀ bá ju ìdá 90 nínú 100 ohun tó ń pèsè lọ́dún, ọrọ̀-ajé rẹ̀ á fà sẹ́yìn. Ìpíndọ́gba ìdàgbà irú wọn jẹ́ -0.1 nínú 100. Àwọn olóṣèlú Yúróòpù àti Amẹ́ríkà tó fẹ́ dín ìnáwó ìjọba kù gbé e lọ́wọ́ káàkiri. Thomas Herndon, akẹ́kọ̀ọ́ ní Yunifásítì Massachusetts ní Amherst, ń ṣe iṣẹ́ kíláàsì kan tó ní kó tún ìwádìí ẹlòmíràn ṣe. Nọ́ńbà rẹ̀ kọ̀, kò bá ti àwọn ọ̀jọ̀gbọ́n náà mu. Ó kọ̀wé sí wọn, wọ́n fi fáìlì Excel wọn ránṣẹ́ sí i. Fọ́múlà tó yẹ kó ka ìlà 30 dé 49 ti dúró sí 44. Australia, Austria, Belgium, Kánádà àti Denmark kò sí nínú ìṣirò. Herndon àti àwọn olùkọ́ rẹ̀, Michael Ash àti Robert Pollin, tún tako bí wọ́n ṣe yan àwọn ọdún kan àti bí wọ́n ṣe gbé orílẹ̀-èdè lé òṣùwọ̀n. Nígbà tí wọ́n tún gbogbo rẹ̀ ṣe ní 2013, -0.1 di 2.2.

Akẹ́kọ̀ọ́ ló rí i. Ó rí i nítorí pé wọ́n jẹ́ kó fojú kan fáìlì.

Ohun tó ń kó ẹ̀rù báni jù nínú irú àṣìṣe yìí ni pé kì í pariwo. Nígbà àrùn Kòrónà, ní òpin oṣù kẹsàn-án ọdún 2020, àjọ Public Health England ń kó èsì àyẹ̀wò wọnú fáìlì Excel ayé àtijọ́, irú èyí tí kò lè gbà ju ìlà 65,536 lọ. Fáìlì kún, èyí tó kù dànù. Èsì 15,841 ni kò sí nínú iye tí wọ́n ń kéde lójoojúmọ́, wọn kò sì tètè wá àwọn tó ti fara kan àwọn aláìsàn náà rí.

Àwọn kan á ní ìwádìí tàwọn kò lè ní irú àbùkù bẹ́ẹ̀, pé Google Form ni àwọn fi ṣe é, ẹnikẹ́ni kò tẹ nǹkan kan lọ́wọ́, èsì sì pọ̀ rẹpẹtẹ. Ìwé ìròyìn Literary Digest ní Amẹ́ríkà náà ní tiẹ̀ pọ̀. Ní 1936, ó fi káàdì ránṣẹ́ sí ènìyàn bíi mílíọ̀nù 10, ó gba èyí tó lé ní mílíọ̀nù 2 padà, ó sì kéde pé Landon ni yóò wọlé ìbò ààrẹ. Roosevelt ló wọlé, ó sì mú ìpínlẹ̀ 46 nínú 48. Inú ìwé tẹlifóònù àti ìwé àwọn onímọ́tò ni wọ́n ti ṣa ọ̀pọ̀ orúkọ, lásìkò tí tálákà kò ní ọ̀kankan nínú méjèèjì. Ìwé ìbéèrè tí wọ́n jù sórí WhatsApp kíláàsì lónìí, ọmọ tí kò ní fóònù tàbí tí dátà rẹ̀ ti tán kò sí níbẹ̀. Kò sì sí àpótí òfìfo kankan tó máa fi hàn pé kò sí níbẹ̀. Ní Bìrìtìkó, National Student Survey, tí wọ́n ti ń fi gba èrò àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ọdún ìkẹyìn láti 2005, kì í gbé èsì ẹ̀kọ́ kan jáde bí àwọn tó dáhùn kò bá pé 10, tàbí tí wọn kò bá tó ìdajì àwọn tí wọ́n bi.

Àwọn mìíràn á ní SPSS ló yẹ kí wọ́n lò. Irinṣẹ́ tó dára ni, ó sì ti wà láti 1968. Ṣùgbọ́n tábìlì tí ọmọ ṣọ́ọ̀bù tẹ̀ yẹn náà ni wọ́n ń kó sínú rẹ̀. Bí wọ́n bá sọ òdo mẹ́jọ fún un, òdo mẹ́jọ náà ni yóò kà.

Ìwé yìí kò wí pé kí a pa Excel tì. LibreOffice Calc wà lọ́fẹ̀ẹ́, Google Sheets wà lórí fóònù, kò sì sí ìdí tí olùkọ́ ilé-ìwé gíga ní Ìṣẹ́yìn kò fi lè mọ èrò àwọn ọmọ rẹ̀ dáadáa. Ohun tó gbà ni kí ẹni tó ṣèwádìí fi ọwọ́ ara rẹ̀ tẹ̀ ẹ́. Kó fi bírò kọ nọ́ńbà sára ìwé ìbéèrè kọ̀ọ̀kan, A001, A002, kí nọ́ńbà náà sì wà ní òpó àkọ́kọ́ nínú fáìlì, kí ìlà kọ̀ọ̀kan lè ní ìwé tó ń jẹ́rìí sí i. Ọmọ kan, ìlà kan. Ìbéèrè kan, òpó kan. Ibi tí ọmọ kò bá ti dáhùn, kó kọ KD, ìyẹn “kò dáhùn”. AVERAGE á fò ó, ojú sì máa rí i. Kó ṣàlàyé nínú ojú-ewé kejì ohun tí KD, 4 àti 1 dúró fún, kó sì fi ojúlówó fáìlì pamọ́ láìfọwọ́ kàn án, kó máa ṣiṣẹ́ lórí ẹ̀dà. Orúkọ àwọn ọmọ àti nọ́ńbà fóònù òbí wọn kò ní iṣẹ́ kankan nínú tábìlì náà. Òfin ààbò dátà tí Nàìjíríà ṣe ní 2023 wà fún wọn.

Òpó kan ṣì kù tó ń dunni. Ní ìparí ọ̀pọ̀ ìwé ìbéèrè, ìlà méjì-mẹ́ta wà tí ọmọ lè kọ ohun tó bá wù ú sí. Ibẹ̀ ni wọ́n ti ń sọ pé olùkọ́ ń yára jù, pé ẹ̀yìn kíláàsì kò rí pátákó, pé ebi ń pa wọ́n kó tó di aago mẹ́wàá. Nítorí pé kò ṣeé rò pọ̀, àwọn ọmọ ṣọ́ọ̀bù kì í tẹ̀ ẹ́ rárá. Kò sí fọ́múlà tó lè kà á. Ènìyàn ni yóò jókòó tì í, tí yóò kà á níkọ̀ọ̀kan, tí yóò ṣa èyí tó jọra síbì kan, tí yóò sì kà á lẹ́ẹ̀kejì.

Ẹ̀yin olùkọ́ tó ń bójú tó iṣẹ́ àṣekágbá lọ́dún yìí, ẹ má gba Orí Kẹrin lórí ìwé nìkan mọ́. Ẹ gba fáìlì, ẹ gba àpò ìwé ìbéèrè pẹ̀lú. Ẹ fa márùn-ún yọ nínú àpò, ẹ wá ìlà wọn nínú fáìlì níṣojú akẹ́kọ̀ọ́ náà. Kò ní gbà tó ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Bí ọ̀kan nínú wọn kò bá sí níbẹ̀, tàbí tí ohun tó wà níbẹ̀ kì í ṣe ohun tí ọmọ náà máàkì, ẹ dá iṣẹ́ náà padà.