Ta Ni Bàbá Ọ̀pẹ?

Ìtàn kan wà tí kò jẹ́ kí ẹnu sinmi ní Nàìjíríà. Wọ́n ní àwọn ará Màlésíà wá gba kóró ẹyìn lọ́wọ́ ìjọba, wọ́n gbé e lọ gbìn, wọ́n sì fi í di olówó. Wọ́n ní lónìí, ẹni tí ó gba ọ̀pẹ lọ ni ó ń ta epo fún ẹni tí ó ni ọ̀pẹ. Olóṣèlú ń sọ ọ́ lórí pèpéle, oníwàásù ń fi í ṣe àpèjúwe, akẹ́kọ̀ọ́ ń kọ ọ́ sínú ìwé ìdánwò. Ìtàn náà dùn létí, ṣùgbọ́n òtítọ́ inú rẹ̀ kò tó nǹkan.

Ní ọdún 1848, ọ̀pẹ mẹ́rin péré ni wọ́n gbìn sínú ọgbà tí àwọn ará Họ́lándì dá sí Bogor, ní erékùṣù Java. Láti ara ọmọ àwọn mẹ́rin yìí ni ọ̀pẹ ti tàn dé Sumatra àti Malaya. Ọdún 1917 ni oko ọ̀pẹ àkọ́kọ́ tí a dá fún òwò bẹ̀rẹ̀ ní Malaya, nígbà tí ó ku ọdún mẹ́tàlélógójì kí Nàìjíríà tó gba òmìnira. Ìjọba wo ni ó wá fún wọn ní kóró? Lóòótọ́, ní 1973, àwọn onímọ̀ láti Màlésíà wá ṣa èso ọ̀pẹ ní Nàìjíríà; ṣùgbọ́n ní gbangba ni, ilé ìwádìí Nàìjíríà fúnra rẹ̀ ni ó sì bá wọn wọ igbó. Oko wọn ti kún fún ọ̀pẹ kí ó tó di ìgbà náà.

Ẹni tí ó bá ń wá ohun tí Màlésíà rí gbà ní Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà, kí ó wo inú òdòdó. Ọ̀pẹ kan náà a máa yọ òdòdó akọ, a sì máa yọ òdòdó abo, ṣùgbọ́n kì í sábà yọ méjèèjì pọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Nítorí náà, lẹ́búlẹ́bú ara akọ igi kan ní láti rìn dé ara abo igi mìíràn kí ẹyìn tó lè so dáadáa. Ó pẹ́ tí àwọn ọ̀mọ̀wé ti gbà pé afẹ́fẹ́ ni ó ń gbé e. Ní Màlésíà, afẹ́fẹ́ kò tó. Ọ̀pọ̀ oko ní láti gba òṣìṣẹ́ tí ń fi ọwọ́ bu lẹ́búlẹ́bú sára òdòdó abo, láti igi dé igi. Ní ìparí àwọn ọdún 1970, R. A. Syed, onímọ̀ kòkòrò tí ó jẹ́ ọmọ Pakistan, jókòó ti òdòdó ọ̀pẹ ní Kamẹrúùnù, ó sì fi hàn pé kòkòrò kékeré kan ni ó ń ṣe iṣẹ́ náà. Lára òdòdó akọ tí ó ti ń kú lọ ni kòkòrò yìí ń yé ẹyin sí, òórùn ni ó sì ń tẹ̀ lé. Bí òdòdó abo bá tú irú òórùn kan náà jáde, kòkòrò á yà síbẹ̀ ti òun ti lẹ́búlẹ́bú ní ara rẹ̀. Kò ní rí ohun tí ó wá, yóò sì bá tirẹ̀ lọ. Wọ́n dán an wò lára ohun ọ̀gbìn mìíràn bóyá yóò bà wọ́n jẹ́, kí wọ́n tó tú u sílẹ̀ ní Màlésíà ní 1981. Láìpẹ́, iṣẹ́ àfọwọ́ṣe náà di ohun ìgbàgbé.

Kòkòrò yìí sì ń fò nínú igbó ọ̀pẹ Nàìjíríà láti ayébáyé, láìgba owó oṣù.

Kì í ṣe pé kò sí ilé ìwádìí. Ọdún 1939 ni a dá èyí tí ó wà nítòsí ìlú Benin sílẹ̀. Ní 1951 ó di ti Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà tí Gẹ̀ẹ́sì ń ṣàkóso. Ní 1964 ó di NIFOR. Ogun abẹ́lé jà gba àárín ilẹ̀ ọ̀pẹ kọjá, owó epo rọ̀bì sì sọ epo pupa di ohun ẹ̀yìn. Àwọn ìdí wọ̀nyí fẹsẹ̀ múlẹ̀ ju ti olè lọ, ṣùgbọ́n wọn kò dùn-ún sọ lórí pèpéle, nítorí wọ́n ń tọ́ka sí ilé.

Àgbẹ̀ ni ìtàn olè yìí ń pa lára jù, nítorí ó ń kọ́ ọ pé kóró ni gbogbo ọ̀rọ̀. Ní 1941, Beirnaert àti Vanderweyen ṣàlàyé ní Kóńgò pé bí a bá fi lẹ́búlẹ́bú ọ̀pẹ tí èkùrọ́ rẹ̀ kò ní èèpo líle sára abo ọ̀pẹ tí èèpo tirẹ̀ nípọn, gbogbo ọmọ wọn ni yóò ní èèpo fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́, epo wọn yóò sì fi nǹkan bí ìdá 30 nínú ọgọ́rùn-ún ju ti onípọn lọ. Àmọ́ bí ẹnì kan bá ṣa ẹyìn lábẹ́ ọmọ rere yìí láti gbìn, ìdajì péré ni yóò jọ ìyá rẹ̀, bí ó bá tilẹ̀ jẹ́ pé irú rẹ̀ ló gùn ún. Ìdí nìyí tí ilé ìwádìí fi ń fi àpò bo òdòdó abo kí ó tó là, kí bàbá má bàa jẹ́ ẹlòmíràn. Ìjọba tí ń pín ọmọ ọ̀pẹ níwájú ayàwòrán, ǹjẹ́ ó béèrè ẹni tí bàbá wọn í ṣe? Láti 2013 ni àwọn onímọ̀ Màlésíà àti Amẹ́ríkà ti rí àbùdá tí ń pinnu èèpo náà, lára ọmọ ọ̀pẹ tí irú rẹ̀ ti Nàìjíríà wá pàápàá. Ewé kékeré tó láti fi mọ ohun tí igi yóò dà. Kò sí ohun tí ó ní kí irú àyẹ̀wò bẹ́ẹ̀ má di dandan fún ẹni tí ń ta ọmọ ọ̀pẹ ní Nàìjíríà. Láìsí i, àgbẹ̀ yóò rà, yóò gbìn, yóò ro ó. Nígbà tí yóò fi rí ẹyìn tí ó lè fọ́ wò, ọdún mẹ́rin ti lọ, ẹni tí ó tà á fún un kò sì sí lọ́jà mọ́.