Ìdágbére Nìkan Ni A Mọ̀ Ọ́n Ṣe

Bí ènìyàn bá fẹ́ mọ bí àwa ọmọ Èkìtì ti ń sin ẹni tí ó ń lọ ṣiṣẹ́ Ìhìnrere ní ilẹ̀ òkèèrè, kí ó lọ jókòó nínú ṣọ́ọ̀ṣì ní Ìkẹ̀rẹ́ abẹ́ òkè Olósùnta, tàbí ní Ìsẹ̀, tàbí ní Emùré, ní ọjọ́ Ìsinmi tí ìjọ fẹ́ rán ọmọ wọn jáde: yóò rí aṣọ ẹgbẹ́ tí àwọn ìyá ìjọ dá nítorí ọjọ́ náà, yóò rí àwọn àgbà tí wọ́n ń gbé ọwọ́ lé ọmọ náà lórí lọ́kọ̀ọ̀kan títí ọrùn yóò fi fẹ́rẹ̀ẹ́ ro ó, yóò rí igbá ọrẹ tí ó ń lọ tí ó ń bọ̀ láàárín àwọn ìjókòó, yóò sì jẹ iyán kí ó tó kúrò níbẹ̀, nítorí pé kò sí ohun pàtàkì kan tí a lè ṣe ní ilẹ̀ yìí tí iyán kì í bá a dé. Gbogbo èyí dára, n kò sì rí wí sí i. Ṣùgbọ́n nígbà tí ọmọ yìí kan náà bá ti lo ọdún gbọọrọ ní ilẹ̀ Niger tàbí ní Chad, tí ó wá padà dé ní alẹ́ Ọjọ́rú kan pẹ̀lú ìyàwó àti ọmọ mẹ́ta àti àpò ẹrù méjì, ta ni ó ń lọ pàdé rẹ̀ ní gáréèjì?

Àwọn baba wa ní bí a bá rán ni níṣẹ́ ẹrú, à á fi tọmọ jẹ́ ẹ, ọ̀rọ̀ yìí ni a sì máa ń fà yọ nígbàkígbà tí a bá ń kìlọ̀ fún ẹni tí ó ń lọ. Àmọ́ n kò tíì gbọ́ kí ẹnìkan dìde nínú ìpàdé ìjọ kí ó bi àwọn tí ó rán an bóyá iṣẹ́ kan wà tí àwọn náà gbọ́dọ̀ jẹ́. Ilé ni àbọ̀ sinmi oko, bẹ́ẹ̀ ni. Ṣùgbọ́n ilé tí a kò gbá, tí a kò tan iná sí, tí a ti fi yàrá rẹ̀ háyà fún ẹlòmíràn, oko sàn jù ú lọ, ẹni tí ó bá sì bọ̀ sínú irú ilé bẹ́ẹ̀ kò ní pẹ́ kí ó tó tún wá ọ̀nà oko. Ohun tí mo ń wí ni pé gbèsè ń bẹ lọ́rùn àwọn ìjọ wa ní gúúsù Èkìtì, gbèsè náà kì í sì í ṣe ti àlọ, ti àbọ̀ ni.

Ó yẹ kí ọ̀rọ̀ yìí tètè yé wa, nítorí pé ẹsẹ̀ àwọn tí ó ti ìdálẹ̀ bọ̀ ni Ìhìnrere fi wọ púpọ̀ nínú ilẹ̀ Èkìtì. Nígbà tí ogun Èkìtìparapọ̀ àti Ìbàdàn, tí ó bẹ̀rẹ̀ ní 1877, ti jà títí tí ó ti sú ajagun tí ó sì ti sú aróko, tí Charles Phillips ti Oǹdó àti Samuel Johnson, àlùfáà méjèèjì, ru ọ̀rọ̀ àlàáfíà lọ sí bùdó ìhín àti bùdó ọ̀hún títí a fi fọwọ́ sí ìwé àdéhùn ní 1886, tí àwọn ọmọ ogun sì wá tú ká ní 1893, nígbà náà ni àwọn tí a ti kó lẹ́rú bẹ̀rẹ̀ sí í wá ilé bọ̀. Àwọn mìíràn nínú wọn ti di onígbàgbọ́ níbi tí wọ́n ti ṣẹrú. Ọ̀kan nínú wọn ni Babamúbọ̀ni, tí orúkọ rẹ̀ kò ṣe é yọ kúrò nínú ìtàn bí ẹ̀sìn náà ti dé Adó, aládùúgbò Ìkẹ̀rẹ́. Ẹ fojú inú wo irú ẹni bẹ́ẹ̀: ẹni tí àwọn ará ilé rẹ̀ ti sunkún rẹ̀ tán, tí wọ́n ti pín oko rẹ̀, ó wá dé lójijì pẹ̀lú ìwé lábẹ́ apá, ó ní òun kò ní bá wọn jẹ nínú ẹran ẹbọ, ó sì fẹ́ kí wọ́n gbọ́ tòun. Bí ilé bá ti ìlẹ̀kùn mọ́ irú àwọn bẹ́ẹ̀ pátápátá, ìtàn ìgbàgbọ́ ní ilẹ̀ wa ìbá gba ọ̀nà mìíràn.

Ẹni tí a sì mọ àbọ̀ tirẹ̀ jù lọ ni Àjàyí Crowther. Ní 1821 ni wọ́n kó o lẹ́rú ní Òṣogùn. Ní oṣù Ògọ́ọ́sì 1846, tí ó ti di àlùfáà, tí CMS, ẹgbẹ́ míṣọ́n ìjọ Áńgílíkà, sì ti rán an wá sí Abẹ́òkúta, ni Afálá ìyá rẹ̀ wá bá a níbẹ̀, lẹ́yìn ọdún 25 tí wọ́n ti rí ara wọn mọ. Òun fúnra rẹ̀ kọ ọ́ sílẹ̀ pé àwọn kàn ń wo ara àwọn ni, tí omijé ń ṣàn láìsí ọ̀rọ̀, pé ara ìyá náà ń gbọ̀n bí ó ti di ọwọ́ òun mú, ó sì ń fi àwọn orúkọ ìkẹ́ tí ìyá ìyá rẹ̀ fi ń pè é ní kékeré pè é. Ẹ jẹ́ kí a dúró díẹ̀ níbẹ̀ yẹn. Ìyá náà kò tíì gba ìrìbọmi nígbà náà, kò sì sí ẹni tí ó kọ́ ọ bí a ti ń gba òjíṣẹ́ Ọlọ́run lálejò. Samuel tí wọ́n ń pe ọmọ rẹ̀ ní Freetown kò kàn án, kọ́là àlùfáà tí ó wà lọ́rùn ọmọ náà kò dí i lójú. Orúkọ tí ó bá ọmọ dàgbà ni ó fi fà á padà wọlé. Mo ti rí ìkíni káàbọ̀ púpọ̀ nínú ìjọ, àwọn mìíràn pẹ̀lú ìwé ètò tí a tẹ̀ sórí bébà dídán, n kò rí èyí tí ó tó ti obìnrin yìí.

Ṣùgbọ́n Crowther kan náà ni ó rí òdìkejì rẹ̀ nígbà ogbó. Ó ti jẹ bíṣọ́ọ̀bù láti 1864, ó ti fi ara rẹ̀ jìn fún àwọn ará etí odò Ọya, kí àwọn ọ̀dọ́mọkùnrin òyìnbó tó dé ní 1890, tí wọ́n ń yẹ àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀ wò bí ìgbà tí a ń yẹ àpò olè, tí wọ́n dá àwọn kan dúró lójú rẹ̀, tí ẹnu arúgbó náà kò sì tó ọ̀rọ̀ mọ́ nínú iṣẹ́ tí òun fi ọwọ́ ara rẹ̀ dá sílẹ̀. Ó kú ní ọjọ́ 31 oṣù Dìsẹ́ḿbà 1891. Justin Welby, tí ó jẹ́ Áàṣíbíṣọ́ọ̀bù Canterbury ní 2014, tọrọ ìdáríjì lórí ọ̀rọ̀ náà. Ìtọrọ ìdáríjì kì í burú, ṣùgbọ́n ohun tí ó lé ní 120 ọdún ti gorí sàréè kí ó tó dé.

Kì í ṣe ọmọ aláwọ̀ dúdú nìkan ni àbọ̀ ń ni lára. Anna Hinderer àti David ọkọ rẹ̀, míṣọ́nnárì CMS, dé Ìbàdàn ní 1853. Nígbà ogun Ìjàyè tí ọ̀nà Èkó dí, wọ́n ń ta ohun èlò ilé wọn kí wọ́n tó rí oúnjẹ fún ara wọn àti fún àwọn ọmọ tí wọ́n ń tọ́. Ní 1865 ni ọ̀gágun kan tí ń jẹ́ Maxwell gba inú igbó yọ sí wọn lóru, tí ó ní kí Anna múra kíá, Anna sì dágbére fún àwọn ọmọ náà pẹ̀lú ẹkún. Ó tún padà wá lẹ́yìn náà, ṣùgbọ́n ara kò gbà á mọ́. Ní 1869 ó lọ sí England pátápátá, ní oṣù Júùnù 1870 ó sì jáde láyé, ẹni ọdún 43. Ọkọ rẹ̀ kò lè jókòó sílé: ó tún wá sí ilẹ̀ wa, ó sì ṣiṣẹ́ ní apá ìlà oòrùn, níhà Oǹdó àti Iléṣà. Bákan náà ni T. J. Bowen ti àwọn Onítẹ̀bọmi, tí ó dé Badagry ní 1850 tí ó sì padà sí Amẹ́ríkà ní 1856. Ìwé gírámà àti atúmọ̀ èdè Yorùbá rẹ̀ jáde ní 1858, òyìnbó yìn ín fún un, ṣùgbọ́n ara àti ọkàn rẹ̀ kò balẹ̀ mọ́ títí ó fi kú ní Georgia ní 1875.

Àwọn tí ó rán wọn fi ojú rí èyí, wọ́n sì wá nǹkan ṣe sí i. Ẹgbẹ́ CMS dá ilé sílẹ̀ fún àwọn ọmọ àwọn míṣọ́nnárì, èyí tí ó wà ní Limpsfield ní Surrey nígbà tí ó yá. Àwọn fadá ìjọ Àgùdà ti ẹgbẹ́ SMA tí Ireland rán sí ilẹ̀ Oǹdó àti Èkìtì ní ilé ní Blackrock Road ní ìlú Cork, níbi tí ẹni tí ó ti lo ìgbà èwe rẹ̀ fún wa lè jókòó lọ́jọ́ ogbó, tí nọ́ọ̀sì yóò máa tọ́jú rẹ̀, tí ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ tí òun náà mọ oòrùn ilẹ̀ wa yóò sì wà nítòsí tí wọn yóò jọ máa rántí. Àwọn sísítà St. Louis tí a mọ̀ ní Ìkẹ̀rẹ́ nítorí ilé-ẹ̀kọ́ àwọn ọmọbìnrin ní ìdílé ẹ̀sìn tiwọn tí kò jẹ́ kí arúgbó wọn ráre. Àwọn wọ̀nyí ti mọ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ pé ẹni tí a rán lọ yóò darúgbó.

Àwa ńkọ́? Láti ìgbà tí àwọn ọ̀dọ́ ti dá ẹgbẹ́ míṣọ́n CAPRO sílẹ̀ ní 1975, tí onírúurú ẹgbẹ́ mìíràn sì dìde títí wọ́n fi para pọ̀ sábẹ́ NEMA, àjọ àwọn ẹgbẹ́ míṣọ́n Nàìjíríà, ní 1982, ọmọ Nàìjíríà ti kúrò ní ẹni tí à ń rán òjíṣẹ́ sí nìkan, ó ti di ẹni tí à ń rán. Ṣùgbọ́n ojú méjì ni a fi ń wo àwọn tí ó ń bọ̀. Bí ó bá jẹ́ London tàbí Houston ni pásítọ̀ ti dé, onílù ti wà lẹ́nu géètì kí ọkọ̀ tó dúró, alága ìkórè sì ti kọ orúkọ rẹ̀ sínú ìwé kí ó tó jókòó. Ẹni tí ó ti Maradi ní ilẹ̀ Niger dé ńkọ́, tí ọ̀kadà já sílẹ̀ lẹ́bàá ṣọ́ọ̀ṣì, tí bàtà rẹ̀ kò sì ní àwọ̀ kan pàtó mọ́? Ìṣẹ́jú mẹ́wàá ni tirẹ̀, láàárín ìfilọ̀ àti ọrẹ, bàbá ìjọ yóò sì bi í lójú gbogbo ènìyàn pé, “Àbúrò, ọkàn mélòó lẹ jèrè?” Bí ó bá ní márùn-ún, ẹ̀rín yóò sọ ní ẹ̀yìn. Bẹ́ẹ̀ sì ni Townsend, míṣọ́nnárì CMS, kọ́kọ́ wọ Abẹ́òkúta ní 1843, oṣù Fẹ́búárì 1848 ni a tó ṣe ìrìbọmi àkọ́kọ́ níbẹ̀, ìyá Crowther sì wà lára wọn. Ta ni yóò fi Abẹ́òkúta ṣe ẹlẹ́yà lónìí?

Ìkẹ̀rẹ́ ti rán ohun iyebíye lọ sí òkèèrè rí tí kò bọ̀. Ọlọ́wẹ̀ ará Ìsẹ̀, ọba nínú àwọn agbẹ́gilére, ni ó gbẹ́ ilẹ̀kùn ààfin Ọgọ̀gà, ọba Ìkẹ̀rẹ́, tí ó fi àwòrán ọba lórí ìtẹ́ sí i, àti òyìnbó ajẹ́lẹ̀ tí àwọn ènìyàn rù wá kí i. Wọ́n gbé ilẹ̀kùn náà lọ sí ìpàtẹ ńlá ní Wembley ní 1924, àwọn ará ilé ìṣẹ̀ǹbáyé ní London kò sì fẹ́ kí ó kúrò lọ́wọ́ wọn mọ́, àga ìtẹ́ tí wọ́n ṣe ní England ni wọ́n fi rọ́pò rẹ̀ fún ọba. Àwọn ọmọ wa tí ó lọ wò ó ní British Museum a máa fi í yangàn. Ilẹ̀kùn kò lẹ́sẹ̀ tí yóò fi rin bọ̀. Àwọn ènìyàn tí ó lẹ́sẹ̀ tí wọ́n sì bọ̀ ni ọ̀rọ̀ mi dá lé.

Nítorí nígbà tí wọ́n bá dé, ọ̀rọ̀ kì í tán sí ṣọ́ọ̀ṣì. Ilẹ̀ tí bàbá fi sílẹ̀ lójú ọ̀nà Emùré, àbúrò ti gbin kòkó sí i, kòkó náà sì ti ń so. Àwọn ọmọ gbọ́ Haúsá, wọ́n gbọ́ Faransé ilé-ìwé, ṣùgbọ́n bí ìyá àgbà bá sọ̀rọ̀ Èkìtì sí wọn, ẹnu bàbá wọn ni wọn yóò máa wò. Àwọn ọmọ ẹ̀gbọ́n yóò sì máa rẹ́rìn-ín nínú ọgbà. Olùkọ́ á ní kí ọmọ ọdún 14 padà sí kíláàsì àwọn ọmọ kékeré nítorí Gẹ̀ẹ́sì. Ìyàwó, tí ó jẹ́ ẹni tí gbogbo abúlé ń tọ̀ wá fún egbòogi àti ìmọ̀ràn níbi tí wọ́n ti wá, kò sí ẹni tí ó tún ń bi í ní nǹkan kan ju iye ẹ̀wà lọ́jà lọ. Mo rò pé èyí ni ó ń dun àwọn obìnrin náà jù, bí wọn kò tilẹ̀ ní sọ ọ́.

Kí n má sì gbè sẹ́yìn ẹnìkan: àwọn míì nínú àwọn tí ó ń bọ̀ ń fi ẹnu ba àbọ̀ tiwọn jẹ́. Wọn kò tíì lo oṣù kan tán tí wọn yóò ti máa sọ fún ìjọ pé aṣọ wọn pọ̀ jù, pé ìkórè wọn ti di ọjà. Òótọ́ lè wà níbẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó fi ọdún mẹ́ta gbáko kọ́ èdè àwọn ará ibòmíràn kí ó tó la ẹnu wàásù fún wọn, kí ó fún àwa náà ní oṣù mẹ́fà.

Ohun tí mo ń bẹ àwọn síńọ́ọ̀dù àti igbìmọ̀ ìjọ sí kò le. Kí ìjọ tí ó bá rán ènìyàn máa fi owó àbọ̀ pamọ́ láti ọdún tí ó lọ, kí ó sì sanwó oṣù fún un fún odidi ọdún kan lẹ́yìn tí ó bá dé, láìyàn án sí ìjọ kankan, kí ó sinmi kí dókítà sì yẹ̀ ẹ́ wò. Kí ilé kan wà ní Ìkẹ̀rẹ́, yálà ti Áńgílíkà ni o, ti Àpósítélì ni o, tàbí kí gbogbo wọn dá a pọ̀, tí ìdílé tí ó bọ̀ lè wọ̀ sí kí wọ́n tó yanjú ọ̀rọ̀ ilẹ̀ àti ilé baba wọn. Kí a wá olùkọ́ fún àwọn ọmọ. Kí a fún un ní odidi ìrọ̀lẹ́ kan, láìsí igbá ọrẹ, kí ó sọ ohun tí ojú rẹ̀ rí títí yóò fi tán nínú rẹ̀, àti èyí tí kò dára láti fi jẹ́rìí. Àwọn kan yóò ní kò sówó. Mo ti ka ìwé ìṣirò ìjọ púpọ̀ ní agbègbè yìí, mo mọ iye tí a ń ná sórí táìlì, sórí jẹnẹrétọ̀, àti sórí kánópì ọjọ́ ìkórè.