Bàálù Yá, Pápákọ̀ Òfurufú Ò Yá

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ jẹ́wọ́. Ìmọ̀ nípa kòkòrò àìfojúrí ni mò ń kà ní yunifásítì, oyè kejì ni mo wà báyìí. Síbẹ̀, ìrẹsì inú kúlà ló dá mi dùbúlẹ̀ sórí àga ní pápákọ̀ òfurufú Addis Ababa, tí mò ń bì bí aláboyún oṣù méjì. Mò ń kẹ́kọ̀ọ́ nípa kòkòrò, kòkòrò náà sì kọ́ mi lẹ́kọ̀ọ́.

Bó ṣe ṣẹlẹ̀ rèé. Mò ń lọ sí ìpàdé àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì kan ní Kigali. Ìgbà àkọ́kọ́ tí mo máa wọ bàálù nìyẹn. Àgùdà ni ilé wa, ní Sùúrùlérè, kò sì sí ẹni tó ń ti ilé wa rìnrìn-àjò lọ́wọ́ òfo. Mọ́mì mi ti jí láti aago 3 òru. Nígbà tó fi máa di aago 4:30, ìrẹsì jọ̀lọ́ọ̀fù ti wà nínú kúlà, dòdò wà lórí rẹ̀, ooru ń rú túú.

Mo ní, "Mọ́mì, wọ́n ń ta oúnjẹ níbẹ̀ o."

Wọ́n wò mí bí ẹni pé mo bú ìran wa. "Oúnjẹ tí wọ́n ń tà bíi góòlù yẹn? Àjọkẹ́, gbé oúnjẹ rẹ dání jàre. Bàálù kì í pẹ́. Kó o tó mọ̀, o ti dé."

A gba Ìjẹ̀ṣà bọ́ sí ọ̀nà márosẹ̀ Àpápá sí Òṣòdì. Sẹ́lẹ̀, Ìyànà Ìtìrẹ́, Ìyànà Ìsọlọ̀, súnkẹrẹ-fàkẹrẹ dé Òṣòdì, lẹ́yìn náà pápákọ̀ òfurufú Murtala Muhammed. Aago 11 àárọ̀ ló yẹ ká gbéra. Wọ́n sún un sí aago 1. Wọ́n tún sún un sí aago 4. Nígbà tí aago 2 lù, ebi ti ń pa mí débi pé ojú mi ń ṣú. Mo ṣí kúlà, mo jẹ ẹ́ tán pátápátá. Ó dùn, kò sì rùn rárá. Ìṣòro ibẹ̀ gan-an nìyẹn.

Èébì bẹ̀rẹ̀ nínú òfurufú, ó sì bá mi dé Addis níbi tí mo ti máa wọ bàálù kejì. Lọ́jọ́ kejì ní Kigali, pátákó tí mo fi ṣàlàyé iṣẹ́ ìwádìí ọdún kan gbáko dá dúró lójú agbo. Èmi wà ní yàrá òtẹ́ẹ̀lì, mo di ikùn mú. Owó ìwé ìrìnnà tí a tọrọ lọ́wọ́ ẹ̀gbọ́n àti àbúrò, òun náà bá èébì lọ.

Kí ló wà nínú ìrẹsì yẹn?

Mi ò gbé èébì mi lọ sí ilé àyẹ̀wò, nítorí náà mi ò lè búra. Ṣùgbọ́n bó ṣe ṣe mí yẹn, tẹ ẹ bá bi akẹ́kọ̀ọ́ kíláàsì wa èyíkéyìí, orúkọ tó máa kọ́kọ́ jáde lẹ́nu rẹ̀ ni Bacillus cereus.

Inú erùpẹ̀ ni kòkòrò yìí ń gbé, ibẹ̀ ló ti ń bá ìrẹsì wọlé. Tí nǹkan bá le fún un, ó máa ń ká ara rẹ̀ jọ sínú èèpo líle kan tí a ń pè ní spore. Omi tó ń hó lórí iná kì í sábà pa á. Ẹ se ìrẹsì tán, ó ṣì wà níbẹ̀, ó kàn ń sùn ni. Tí ìrẹsì náà bá wá lọ́ wọ́ọ́rọ́, á jí, á sì bẹ̀rẹ̀ sí í pín ara rẹ̀ sí méjì. Tí ibẹ̀ bá tù ú lára dáadáa, ó lè máa pín ní nǹkan bí ìṣẹ́jú 20 sí ìṣẹ́jú 20. Ẹ bá mi ṣírò rẹ̀: 1 di 2, 2 di 4, 4 di 8. Láàárín wákàtí 5, ó ti pín nígbà 15, ẹyọ kan ṣoṣo ti di 32,768. Ta ló sì sọ fún yín pé ẹyọ kan ló wà níbẹ̀?

Àwọn kan nínú wọn máa ń tu májèlé sínú oúnjẹ. Májèlé yẹn ò ní òórùn, kò ní adùn tó yàtọ̀. Ẹ má sì sọ pé ẹ máa tún un gbé kaná, torí pé ooru ilé ìdáná ò ràn án. Láàárín ìdajì wákàtí sí wákàtí 6 téèyàn bá ti jẹ ẹ́, èébì dé.

Kúlà kọ́ ló jẹ̀bi o. Iṣẹ́ tí wọ́n rán an ló ń jẹ́: kí ooru má tètè lọ. Ó dáa fún ìnáwó tí wọ́n máa bù tán láàárín wákàtí kan. Àmọ́ tó bá pẹ́ títí, oúnjẹ á bọ́ sísàlẹ̀ 60°C, kúlà á sì wá mú un dúró sí wọ́ọ́rọ́. Àárín 5°C sí 60°C ni kòkòrò ti ń gbádùn ayé. Ìmọ̀ràn àwọn onímọ̀ ètò oúnjẹ ni pé kí oúnjẹ sísè má lò ju wákàtí 2 lọ ní àárín yẹn. Tí ojú ọjọ́ bá ju 32°C lọ, ẹ dín in kù sí wákàtí 1. Èmi fún tèmi ní gbogbo àárọ̀.

Èrò mi rèé

Tí àwa ọ̀dọ́ bá ń jiyàn lórí oúnjẹ pápákọ̀ òfurufú, owó la máa ń sọ. Ẹnì kan á ní kí wọ́n rà á níbẹ̀, ìgbéraga ò pé. Ẹlòmíì á ní owó ẹyọ mííìtì páì kan níbẹ̀ á bọ́ èèyàn méjì ní Àgùdà. Àwọn méjèèjì ló ń sọ òótọ́, ṣùgbọ́n èmi rò pé ìbéèrè tó ṣáájú owó wà. Ìbéèrè náà ni pé: ṣé oúnjẹ yìí lè dúró?

Pápákọ̀ òfurufú kì í ṣe ibi ìrìn-àjò. Ibi ìdúró ni. Bàálù lè gbé yín láti Èkó dé Àbújá ní nǹkan bíi wákàtí kan, àmọ́ ẹ lè ti fi wákàtí 5 jókòó kó tó gbéra. Fún ìrìn-àjò òkè òkun, wọ́n máa ń ní kí ẹ ti dé ní wákàtí 3 ṣáájú. Ẹ fi súnkẹrẹ-fàkẹrẹ Èkó kún un. Oúnjẹ tí kò bá lè dúró kì í ṣe oúnjẹ ibẹ̀, ì báà jẹ́ ọ̀fẹ́, ì báà jẹ́ ọwọ́ ìyá ẹni ló sè é.

Mo padà délé, mo ro gbogbo rẹ̀ fún mọ́mì. Wọn ò kọ́kọ́ sọ̀rọ̀. Nígbà tó yá, wọ́n ní, "Ìyá mi ò gbé ìrẹsì lọ sí Kùmásí rí."

Ìyá àgbà mi ṣòwò ní Ghana kó tó di oṣù kọkànlá ọdún 1969, nígbà tí ìjọba Busia fún àwọn àjèjì tí kò ní ìwé ìgbélùú ní ọ̀sẹ̀ 2 péré láti kó ẹrù wọn. Ọ̀pọ̀ Yorùbá ló bá a lọ. Nígbà ayé òwò yẹn, lọ́rì ni wọ́n ń wọ̀, èèyàn sì lè lo ọjọ́ mélòó kan lójú ọ̀nà, látorí ẹnu ibodè kan dé òmíràn. Mọ́mì ní gàrí ni ìyá àwọn máa ń gbé, pẹ̀lú kúlíkúlí, àádùn àti róbó. Mo bi wọ́n pé, "Kí ló dé tẹ́ ẹ wá se ìrẹsì fún mi?" Wọ́n dáhùn pé, "Mo rò pé bàálù yá ju lọ́rì lọ ni."

Ọ̀rọ̀ yẹn wọ̀ mí lára. Bàálù yá lóòótọ́. Pápákọ̀ òfurufú ni ò yá.

Ìdí tí gàrí fi lè dúró

Gbogbo ohun tí ìyá àgbà kó dání, ohun kan ló so wọ́n pọ̀: omi inú wọn kéré. Kòkòrò ò lè dàgbà láìsí omi. Ní ọdún 1953, onímọ̀ kan ní Ọsirélíà tó ń jẹ́ W. J. Scott gbé iṣẹ́ kan jáde tó fi hàn pé kì í ṣe bí omi ṣe pọ̀ tó nínú oúnjẹ nìkan ló ṣe pàtàkì. Omi tó ráyè, tí kòkòrò lè rí mu, ni ká máa wò. Water activity la ń pè é, 0 sí 1 la sì fi ń wọ̀n ọ́n. Omi lásán jẹ́ 1, ìrẹsì sísè sì sún mọ́ ọn. Tó bá ti wálẹ̀ sí nǹkan bíi 0.85, àwọn bakitéríà tó ń fa àìsàn inú oúnjẹ kì í lè dàgbà mọ́. Tó bá wálẹ̀ ju 0.6 lọ, èbu pàápàá kì í hù.

Gàrí tó gbẹ dáadáa wà nísàlẹ̀ níbẹ̀. Wọ́n rin ẹ̀gẹ́, wọ́n fún omi rẹ̀ jáde, ó kan, wọ́n wá yan án títí omi inú rẹ̀ fi kù díẹ̀. Ìpékeré tó gbẹ, kókóró, gúgúrú, róbó àti kúlíkúlí náà rí bẹ́ẹ̀. Tẹ́ ẹ bá ní gàrí nìkan ò fún ara lókun, òótọ́ ni. Ẹ̀pà, kúlíkúlí àti róbó tí wọ́n fi ẹ̀gúsí ṣe ló máa bá yín fi èròjà amúnidàgbà kún un. Ẹ ṣáà yẹ̀ wọ́n wò kẹ́ ẹ tó rà wọ́n: tó bá ti ń bu tàbí tó ń korò, ẹ dà á nù. Mọ́ínmọ́ín ńkọ́? Mo fẹ́ràn ẹ̀ o, ṣùgbọ́n omi inú rẹ̀ pọ̀, ilé ni kẹ́ ẹ ti jẹ ẹ́.

Tẹ́ ẹ bá máa gbé gàrí, ẹ gbé ike omi tó ṣófo dání. Láti ọdún 2006, lẹ́yìn tí wọ́n tú àṣírí àwọn tó fẹ́ fi nǹkan olómi ba bàálù jẹ́ láti London, ọ̀pọ̀ pápákọ̀ òfurufú ni kì í jẹ́ kéèyàn gbé ohun olómi tó ju mílílítà 100 lọ kọjá ibi àyẹ̀wò. Ọbẹ̀ ata yín wà nínú rẹ̀. Ike òfìfo ò sí nínú rẹ̀. Ẹ kọjá tán kẹ́ ẹ tó pọn omi sí i. Ẹran sì rèé, ẹ jẹ ẹ́ tán kẹ́ ẹ tó sọ̀kalẹ̀, torí pé Amẹ́ríkà, Bìrìtéènì àti àwọn orílẹ̀-èdè Àjọ Yúróòpù kì í gbà kéèyàn gbé ẹran láti ọ̀dọ̀ wa wọlé.

Tó bá sì di dandan kẹ́ ẹ ra oúnjẹ níbẹ̀, òfin kan ti tó: kó máa hó, tàbí kó tutù nini, tàbí kó gbẹ. Ẹ sá fún wọ́ọ́rọ́. Páì tó ti ń jókòó nínú gíláàsì láti òwúrọ̀, tẹ́ ẹ fọwọ́ kàn án tó kàn lọ́ díẹ̀, ẹ kí i, kẹ́ ẹ máa lọ.

Ẹ jẹun kẹ́ ẹ tó wọlé náà. Àwọn olùwádìí ní ilé iṣẹ́ ìwádìí Fraunhofer ní Jámánì gbé àwọn èèyàn sínú ara bàálù tí wọ́n dín afẹ́fẹ́ inú rẹ̀ kù bíi ti òkè, wọ́n sì rí i pé iyọ̀ àti ṣúgà kì í fi bẹ́ẹ̀ ta létè mọ́ níbẹ̀. Owó kan náà, adùn dín kù.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń fúnni ní ṣọ́ọ̀bù níbẹ̀

Mo ní ẹ̀bẹ̀ kan sí àwọn aláṣẹ pápákọ̀ òfurufú wa. Mo mọ̀ pé owó ṣọ́ọ̀bù wọ́n, mo mọ̀ pé gbogbo ẹrù ló ń gba àyẹ̀wò kọjá, ìdí nìyẹn tí oúnjẹ fi gbówó lórí níbi tó pọ̀ káàkiri ayé. Ṣùgbọ́n ìpékeré àti kókóró ò nílò fíríìjì. Wọn ò nílò iná NEPA. Wọn kì í bàjẹ́ lọ́jọ́ tí bàálù ò bá gbéra. Nínú gbogbo oúnjẹ, àwọn ló yẹ kó rọ̀ jù láti tà níbẹ̀ ní owó tí akẹ́kọ̀ọ́ lè san. Ẹ fún àwọn tó ń dín wọn ní Mọ́ṣìn àti Sùúrùlérè ní káńtà kékeré kan. Kí omi mímu ọ̀fẹ́ sì wà lẹ́yìn ibi àyẹ̀wò ní gbogbo ibi ìdúró. Ẹni tí wọ́n bá dá dúró fún wákàtí 5 kò yẹ kó máa fi òùngbẹ ṣe ìṣirò owó.

Títí dìgbà yẹn, ilé la ti ń kó ẹ̀ṣọ́ ròde. Oṣù tó ń bọ̀, mo tún ń rìnrìn-àjò, wọ́n ti gba iṣẹ́ mi síbòmíràn. Mọ́mì ti ra gàrí Ìjẹ̀bú sílẹ̀, wọ́n ti di kúlíkúlí sínú ọ̀rá. Wọ́n ní àwọn ò ní se ìrẹsì, wọ́n sì búra.

Ṣùgbọ́n lánàá, mo rí i tí wọ́n ń fọ kúlà.