Ìpolówó Ọjà Kì í Ṣe Ṣíṣọ́ Òǹkàwé



Bí ilẹ̀ bá mọ́ ní Ogida níhìn-ín, alákàrà kì í tọ ẹnikẹ́ni lẹ́yìn wọlé láti mọ ẹni tí ebi ń pa. Ibi tí àwọn òṣìṣẹ́ ń gbà kọjá ni ó ń jókòó sí, tí ó sì ń polówó. Ọjà rẹ̀ a sì tà. Ìpolówó orí íntánẹ́ẹ̀tì kò rí bẹ́ẹ̀. Bí ẹ bá béèrè iye owó ẹ̀rọ ìránṣọ ní òwúrọ̀, tí ẹ sì ṣí ìwé ìròyìn ilé ní ìrọ̀lẹ́, ẹ̀rọ ìránṣọ náà ni yóò tún yọ sí yín. Kúkì ẹnìkẹta ni ó ń fa èyí: àmì kékeré tí ilé-iṣẹ́ mìíràn, yàtọ̀ sí ìwé ìròyìn tí ẹ ń kà, fi sínú fóònù yín kí ó lè máa dá yín mọ̀ káàkiri.

Ọ̀nà yìí ti ń dí. Firefox bẹ̀rẹ̀ sí dènà rẹ̀ ní 2019. Safari tì í pátápátá ní 2020. Google náà ṣèlérí ní 2020 pé òun yóò mú un kúrò nínú Chrome, ṣùgbọ́n ó yí ìpinnu náà padà ní 2024. Bí àwọn ilé-iṣẹ́ ìwé ìròyìn wa bá ń yọ̀ sí èyí, ayọ̀ asán ni. Ìwádìí tí ẹgbẹ́ àwọn olùpolówó ọjà ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì gbé jáde ní 2020 fi hàn pé nínú £100 tí oníṣòwò ná, nǹkan bí £51 péré ni ó dé ọ̀dọ̀ ìwé ìròyìn. Àwọn alágbàtà pín ìyókù, a kò sì rí ojútùú apá kan rẹ̀.

Ẹ wo ilẹ̀ Họ́láǹdì. Ní oṣù kìn-ín-ní ọdún 2020, STER, tí ó ń ta ìpolówó fún rédíò àti tẹlifíṣàn gbogboògbò wọn, pa kúkì wọ̀nyí tì. Ohun tí ojú ìwé ń sọ ni ó fi ń yan ìpolówó. Ní oṣù méjì àkọ́kọ́, owó tí ó wọlé fi ìdajì àti jù bẹ́ẹ̀ lọ pọ̀ ju ti àkókò kan náà ní 2019. Lóòótọ́, ilé-iṣẹ́ ńlá ni; ìwé ìròyìn kékeré kò lè retí irú èrè bẹ́ẹ̀ lẹ́sẹ̀ kan náà. Ṣùgbọ́n ọgbọ́n alákàrà náà ni.

Nítorí náà, kí àwọn ìwé ìròyìn Yorùbá ta ojú ìwé wọn, kí wọ́n má ta òǹkàwé wọn. Ẹni tí ó ń ka ìròyìn oyè, òkú àgbà àti ọdún ìbílẹ̀ láti Benin, Kano tàbí Jos lè máa múra àtilọ sílé: ọlọ́kọ̀, aláṣọ òkè àti alásè ní ọ̀rọ̀ láti bá a sọ. Kí wọ́n bi òǹkàwé fúnra rẹ̀ ní ìlú tí ó ń gbé àti ohun tí ó ń fẹ́, kí wọ́n sì gba ìyọ̀ǹda rẹ̀, ní ìbámu pẹ̀lú òfin ààbò ìsọfúnni tí Nàìjíríà ṣe ní 2023. Kí àwọn kékeré sì pawọ́ pọ̀ gba ẹni tí yóò máa wá oníṣòwò fún wọn.

Ẹ̀yin òǹkàwé náà ní ipa tiyín. Bí wọ́n bá bi yín tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀, ẹ dáhùn. Bí ẹ bá ní ọjà, ẹ gbé ìpolówó yín lọ bá wọn tààrà. Bí owó bá tán lọ́wọ́ àwọn tí ń kọ ìròyìn ilé ní èdè wa, ta ni yóò máa ròyìn ilé fún àwa tí a wà ní àjò?