Hội An: Ìlú Tí Odò Gbé Ga, Tí Odò Sì Pa Mọ́

Ọmọ tí kò dé oko bàbá ẹlòmíràn rí ni í sọ pé kò sí oko tí ó tó ti bàbá òun. Ìdí nìyí tí a fi máa ń jáde kúrò nílé nínú ojú ìwé yìí. Lọ́sẹ̀ yìí, ẹ jẹ́ kí á kọjú sí ìlà-oòrùn ayé, kí á dé Hội An, ìlú èbúté àtijọ́ kan ní àárín gbùngbùn orílẹ̀-èdè Fiẹtnámù. Odò Thu Bồn ń ṣàn lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ kí ó tó wọ inú òkun. Láti Đà Nẵng, ìlú ńlá tí pápákọ̀ òfuurufú wà, ọ̀nà ibẹ̀ kò ju nǹkan bí kìlómítà 30 lọ.

Bí ẹ bá wọ ìlú náà ní alẹ́ ọjọ́ kẹrìnlá oṣù, gẹ́gẹ́ bí àwọn ará ibẹ̀ ṣe ń fi òṣùpá ka oṣù, ẹ óò bá a pé wọ́n ti pa iná mànàmáná ní àwọn òpópónà àtijọ́. Àtùpà aláṣọ ṣẹ́dà, pupa àti aláwọ̀ ìyeyè, ni ó ń tàn níwájú ilé. Láti ọdún 1998 ni wọ́n ti ń ṣe bẹ́ẹ̀. Ẹwà yìí ń fa àlejò láti gbogbo ayé, ṣùgbọ́n ẹwà nìkan kọ́ ni mo fẹ́ sọ fún yín. Mo fẹ́ sọ bí ìlú kan ṣe pàdánù ọrọ̀ rẹ̀, bí àdánù náà ṣe dáàbò bò ó, àti ìbéèrè tí ọrọ̀ tuntun tí ó dé wá ń bi í lónìí.

Afẹ́fẹ́ ni ó ń gbé oníṣòwò dé

Láti ọ̀rúndún kẹẹ̀ẹ́dógún títí wọ ìkọkàndínlógún ni ọkọ̀ ojú omi fi ń ná ọjà Hội An. Lábẹ́ àwọn olórí ìdílé Nguyễn, láàárín nǹkan bí ọdún 1600 sí 1700, ni òkìkí rẹ̀ kàn jù lọ. Faifo ni àwọn ará Yúróòpù ń pè é nígbà náà. Àwọn ará Ṣáínà, Jàpáàn, Pọtogí àti Hóláńdì ń kó ẹrù wá síbẹ̀, wọ́n sì ń ra ṣẹ́dà, ṣúgà, ata àti igi olóòórùn dídùn padà lọ.

Ìgbòkun ni gbogbo ọkọ̀ ayé ìgbà náà. Afẹ́fẹ́ tí ó ń fẹ́ láti àríwá ìlà-oòrùn ni ó ń gbé oníṣòwò dé ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún, ó sì di dandan kí ó dúró fún oṣù mélòó kan kí afẹ́fẹ́ tó yí padà tí yóò gbé e lọ sílé. Ẹni tí yóò dúró pẹ́ bẹ́ẹ̀ kò ní máa sùn nínú ọkọ̀. Yóò wá ilé, ó lè gbé ìyàwó, yóò sì kọ́ ojúbọ fún òrìṣà tí ó gbé e la òkun já. Bí Hội An ṣe di ìlú ọlọ́pọ̀ ẹ̀yà nìyẹn. Cristoforo Borri, àlùfáà Jésúìtì ará Ítálì tí ó gbé agbègbè náà láàárín ọdún 1618 sí 1622, ṣàlàyé nínú ìwé rẹ̀ pé bí ìlú méjì ni Faifo rí: àwọn ará Ṣáínà wà lọ́tọ̀, àwọn ará Jàpáàn wà lọ́tọ̀, olúkúlùkù sì ní olórí àti òfin tirẹ̀.

Afárá tí ó ní òrùlé, Chùa Cầu, ni ó di àmì ìlú náà. Wọ́n gbà pé àwọn oníṣòwò Jàpáàn ni ó kọ́ ọ ní ìparí ọ̀rúndún kẹrìndínlógún tàbí ìbẹ̀rẹ̀ èyí tí ó tẹ̀ lé e. Ojúbọ kékeré kan so mọ́ ọn lẹ́gbẹ̀ẹ́. Ère ọ̀bọ méjì ń ṣọ́ ẹnu kan, ère ajá méjì ń ṣọ́ ẹnu kejì. Ìtàn ìwáṣẹ̀ sọ pé ẹranko abàmì kan wà lábẹ́ ilẹ̀, orí rẹ̀ wà ní Íńdíà, ìrù rẹ̀ wà ní Jàpáàn, ara rẹ̀ sì gba abẹ́ Hội An kọjá. Bí ó bá ti yíra, ilẹ̀ á mì tìtì, omi á sì ya bo ìlú. Afárá náà ni idà tí wọ́n fi kan ẹ̀yìn rẹ̀ mọ́lẹ̀. Ní ọdún 1719, Nguyễn Phúc Chu tí ó jẹ́ olórí nígbà náà sọ ọ́ ní orúkọ tí ó túmọ̀ sí afárá àwọn tí ó ti ọ̀nà jíjìn wá. Bí ẹ bá di owó 20,000 đồng mú, àwòrán rẹ̀ ni ẹ óò rí lẹ́yìn owó náà.

Àwọn ará Jàpáàn kò pẹ́ títí níbẹ̀. Ní àwọn ọdún 1630, ìjọba wọn fi òfin de ìrìn-àjò sí òkèèrè, àdúgbò wọn sì rọ díẹ̀díẹ̀. Sàréè ọ̀kan nínú wọn, oníṣòwò tí ń jẹ́ Tani Yajirobei, ṣì wà láàárín oko ìrẹsì lẹ́yìn ìlú. Ọdún 1647 ni ó wà lára rẹ̀, ó sì kọjú sí ìhà Jàpáàn. Àwọn ará ìlú a máa sọ pé ìfẹ́ obìnrin Hội An kan ni kò jẹ́ kí ó lè gbé ilé rẹ̀.

Ilé tí ó mọ ìwà omi

Ilé onífírémù igi 1,107 ni àjọ UNESCO kà sínú ìlú àtijọ́ yìí, lórí ilẹ̀ tí kò ju hẹ́kítà 30 lọ. Ilé tóóró ni wọ́n, ṣùgbọ́n wọ́n gùn lọ sẹ́yìn. Nínú ilé Tấn Ký, tí ó ti lé ní igba ọdún tí ìran méje sì ti gbé inú rẹ̀, iwájú dojú kọ òpópónà níbi tí wọ́n ti ń tajà, ẹ̀yìn dojú kọ odò níbi tí wọ́n ti ń já ẹrù, àgbàlá tí kò ní òrùlé sì wà láàárín tí ìmọ́lẹ̀ àti òjò ń gbà wọlé.

Gbogbo ìgbà òjò ńlá, pàápàá ní oṣù kẹwàá àti ìkọkànlá, ni odò lè wọ ilé. Àwọn tí ó kọ́ ilé mọ̀ bẹ́ẹ̀. Ní ilé Phùng Hưng, wọ́n lu ihò onílẹ̀kùn sí àjà kí wọ́n lè fa ẹrù gòkè bí omi bá dé. Ní Tấn Ký, wọ́n sàmì sí ara ògiri láti fi hàn ibi tí omi ga dé ní ọdún kọ̀ọ̀kan. Àmì mìíràn ga ju orí ènìyàn lọ. Lókè ẹnu-ọ̀nà ilé púpọ̀, ẹ óò rí igi ribiti méjì tí wọ́n gbẹ́ ọnà sí. Ojú ilé ni wọ́n ń pè é. Wọ́n gbà pé ilé ń fi ojú náà wo ẹni tí ń wọlé, ó sì ń lé ibi sẹ́yìn.

Òṣì tí ó di ààbò

Odò tí ó gbé Hội An ga náà ni ó wá já a jù lẹ̀. Ẹrẹ̀ àti iyanrìn kún ẹnu odò, ọkọ̀ ńlá kò lè wọlé mọ́. Nígbà tí ó fi máa di ìparí ọ̀rúndún kọkàndínlógún, Đà Nẵng ni òwò gbà lọ, ibẹ̀ sì ni àwọn Faransé tí ó gba ìṣàkóso gbájú mọ́. Hội An di ìlú tí ó ń tòògbé.

Ìgbà náà gan-an ni ìgbàlà rẹ̀ bẹ̀rẹ̀. Ẹni tí kò lówó kì í wó ilé bàbá rẹ̀ láti kọ́ tuntun. Àwọn ìdílé ń gbé inú ilé àtijọ́ nítorí pé òun nìkan ni wọ́n ní. Ogun Amẹ́ríkà pàápàá kọjá láìba ìlú náà jẹ́ púpọ̀. Ní àwọn ọdún 1980, Kazimierz Kwiatkowski, ayàwòrán-ilé ará Pólándì tí ó ń tún àwókù Mỹ Sơn ṣe nítòsí ibẹ̀, rí ohun tí ó ṣẹ́ kù ní Hội An, ó sì ń rọ àwọn aláṣẹ pé kí wọ́n má ṣe jẹ́ kí ó parun. Ó kú ní ọdún 1997. Ọdún méjì lẹ́yìn náà, UNESCO fi ìlú náà sínú àwọn ohun àjogúnbá gbogbo ayé. Ère Kwiatkowski wà nínú ìlú náà lónìí.

Ọwọ́ tí ó kọ́ ìlú

Ṣùgbọ́n ilé igi kì í dá dúró fúnra rẹ̀. Òjò ń rà á, ikán ń jẹ ẹ́, omi ń wọ̀ ọ́. Àwọn oníṣẹ́ ọwọ́ àyíká ìlú ni ó kọ́ ọ, àwọn ni ó sì lè tún un ṣe.

Ní abúlé Thanh Hà, nǹkan bí kìlómítà mẹ́ta sí ìlú, wọ́n ti ń mọ ìkòkò fún nǹkan bí ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀ta ọdún. Ẹ wo obìnrin méjì lẹ́nu iṣẹ́. Ọ̀kan dúró lórí ẹsẹ̀ kan, ó ń fi èkejì ti pátákó ribiti tí ó ń yí nílẹ̀. Èkejì jókòó, ó na ọwọ́ méjèèjì sí amọ̀ tí ń yí náà, ìkòkò sì ń dìde láàárín àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀. Bí ẹni tí ń ti pátákó bá yára jù, amọ̀ á ṣubú. Bí ó bá falẹ̀, kò ní dìde. Àwọn méjèèjì ni ó ni ìkòkò náà. Igi ni wọ́n fi ń sun ún, á sì jáde ní àwọ̀ pupa láìkùn. Láti abúlé yìí ni bíríkì àti amọ̀ sísun tí wọ́n fi bo òrùlé ìlú àtijọ́ ti ń wá.

Ní òdìkejì odò, ní Kim Bồng, àwọn gbẹ́nàgbẹ́nà ni ó wà. Wọ́n ń kan ọkọ̀, wọ́n ń gbẹ́ ọnà, wọ́n sì mọ bí a ṣe ń ki igi bọ inú igi kí ilé dúró láìlo ìṣó. Àwọn aláṣọ àtùpà, ní tiwọn, ń rẹ ọparun sínú omi iyọ̀ kí kòkòrò má baà jẹ ẹ́, wọ́n ń là á tẹ́ẹ́rẹ́, wọ́n ń tẹ̀ ẹ́, wọ́n sì ń fi ṣẹ́dà bò ó. Wọ́n ti dá ọgbọ́n èyí tí ó ń pa dé bí agbòjò, kí àlejò lè kó o sínú àpò lọ sílé.

Oúnjẹ wọn pàápàá ní iṣẹ́ ọwọ́ nínú. Cao lầu, tí wọ́n ń fi ìrẹsì ṣe bí núdù, kò pé lójú àwọn àgbà bí kò bá jẹ́ omi kànga Bá Lễ àti eérú igi láti erékùṣù Cù Lao Chàm ni wọ́n fi pò ó. Ní ọdún 2023, UNESCO tún gba Hội An sínú ẹgbẹ́ àwọn ìlú tí a mọ̀ sí iṣẹ́ ọwọ́ àti ọnà ìbílẹ̀.

Bí owó bá padà dé ńkọ́?

Nísinsìnyí, owó ti padà. Ọ̀pọ̀ mílíọ̀nù àlejò ń wá lọ́dọọdún. Àwọn ìdílé kan rí i pé bí wọ́n bá fi ilé wọn háyà fún oníṣòwò, owó tí yóò wọlé ju èrè iṣẹ́ tí wọ́n ń ṣe nínú rẹ̀ lọ. Wọ́n kó lọ sí ẹ̀yìn ìlú. Ilé dúró, àtùpà ń tàn, ṣùgbọ́n pẹpẹ àwọn baba ńlá tí wọ́n ń tan tùràrí sí lè má sí níbẹ̀ mọ́. Òṣì kò wó ilé náà. Ọrọ̀ ń kó àwọn onílé jáde díẹ̀díẹ̀.

Ìjà kan ní ọdún 2024 fi ọ̀rọ̀ yìí hàn kedere. Wọ́n tú Chùa Cầu palẹ̀ láti tún un ṣe, owó tí wọ́n ná lé ní bílíọ̀nù 20 đồng. Nígbà tí wọ́n ṣí aṣọ lójú rẹ̀, ọ̀pọ̀ ènìyàn kígbe pé ó ti dàbí tuntun jù. Àwọn aláṣẹ dáhùn pé igi tí ó ṣì dára ni wọ́n dá padà sí ààyè rẹ̀, pé òjò àti oòrùn yóò pa ọ̀dà náà dà. Ní tèmi, àwọn tí ó bínú kò ṣẹ̀, nítorí ìfẹ́ ni ó mú wọn sọ̀rọ̀. Ṣùgbọ́n afárá tí a kò bá tún ṣe yóò wó, ohun tí ó sì yẹ kí ó kan wá jù ni bóyá a óò rí ọwọ́ tí ó mọ̀ ọ́n tún ṣe ní ọgọ́rùn-ún ọdún sí i. Ọ̀dọ́ tí ó lè ṣiṣẹ́ ní ilé ìtura ní Đà Nẵng, kí ni yóò mú un dúró lórí ẹsẹ̀ kan lẹ́yìn pátákó amọ̀?

Nítorí náà, ẹ̀yin ọ̀dọ́ wa tí ẹ bá ní ìrìn-àjò sí ìhà ibẹ̀, ẹ lọ láàárín oṣù kejì sí ìkẹrin, nígbà tí òjò kò pọ̀. Ẹ ra tíkẹ́ẹ̀tì ìlú àtijọ́, nítorí pé ara owó rẹ̀ ni wọ́n fi ń tún ilé ṣe. Ẹ má ṣe parí rẹ̀ sí àwòrán yíyà lẹ́bàá odò. Ẹ gun kẹ̀kẹ́ dé Thanh Hà, ẹ ra ìkòkò lọ́wọ́ ẹni tí ó mọ ọ́n, kí ẹ má sì ná an títí ẹnu á fi bó. Ẹ wọ ọkọ̀ kọjá sí Kim Bồng, ẹ jókòó ti gbẹ́nàgbẹ́nà.

Odò lè gbé ìlú ga, ó sì lè pa á mọ́. Ṣùgbọ́n ọwọ́ tí ó ń mọ amọ̀, tí ó ń la ọparun, tí ó ń ki igi bọ igi, ni ìlú náà fi wà láàyè. Bí ọwọ́ náà bá rí oúnjẹ jẹ níbi iṣẹ́ rẹ̀, ọmọ yóò fẹ́ kọ́ ọ. Ó dọ̀sẹ̀ tí ń bọ̀.