Sàráà Nìkan Kò Tó fún Àwọn Aláàbọ̀ Ara

 

Ní nǹkan bí oṣù mẹ́ta sẹ́yìn, ọmọbìnrin kan wá sí ilé mi lẹ́yìn ìrun Àsárì. Akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì ni, ó sì ń ṣe ìwádìí fún oyè ọ̀mọ̀wé. Ohun tí ó ń wádìí ni bí àwọn aláàbọ̀ ara, èyíinì ni afọ́jú, arọ, odi, adití àti àwọn mìíràn bẹ́ẹ̀, ti ń rí iṣẹ́ ṣe ní Òkè-Ògùn, bí owó ti ń dé ọwọ́ wọn, àti bóyá a kà wọ́n mọ́ ènìyàn nígbà tí a bá ń ṣe ìpàdé ìlú, ìgbéyàwó àti ọjà. Ó ní kí n bá òun wá wọn, nítorí àfáà ni ó mọ gbogbo ilé. Inú mi dùn. Mo ní, "Ọmọ mi, èyí kò le. Dúró di ọjọ́ Jímọ̀."

Nígbà tí ọjọ́ Jímọ̀ pé, mo mú un lọ sí ẹnu ọ̀nà mọ́sáláṣí, mo fi àwọn tí ń ṣe báárà hàn án. Ó jókòó tì wọ́n, ó bá wọn sọ̀rọ̀ tọ̀wọ̀-tọ̀wọ̀, ó ń kọ ọ́ sínú ìwé. Nígbà tí ó parí, ó kúnlẹ̀, ó ní, "Bàbá Àfáà, ẹ ṣeun púpọ̀, sà. Mo ti rí àwọn wọ̀nyí. Àwọn tí kì í ṣe báárà ńkọ́?"

N kò rí èsì fún un. Láti ọjọ́ tí mo ti ń ṣe wàásù, bí mo bá ti dárúkọ afọ́jú tàbí arọ, ọ̀rọ̀ sàráà ni mo máa ń bá a lọ. Kò tilẹ̀ wá sí mi lọ́kàn rí pé ó yẹ kí n béèrè pé iṣẹ́ kí ni ó ń ṣe.

A bẹ̀rẹ̀ sí í lọ láti ilé dé ilé. Ohun tí ojú wa rí kò dára. Ilé mẹ́ta, mẹ́rin ni wọ́n ti sọ fún wa pé kò sí irú ẹni bẹ́ẹ̀ lọ́dọ̀ àwọn. Ní ọ̀kan nínú àwọn ilé náà, èmi fúnra mi ni mo ṣe àdúà níbi ìsọmọlórúkọ ọmọ náà! Bàálé ilé ń wo ojú mi, èmi náà ń wo ojú rẹ̀, ó sì ń sọ pé kò sí. Ẹ̀rù ń bà á pé bí ayé bá gbọ́, wọn kò ní fẹ́ àwọn ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin. Ṣùgbọ́n ẹni tí a kò kà, ta ni yóò pín nǹkan kàn án? Bí ìjọba bá fẹ́ ṣe ètò ìrànlọ́wọ́ fún ìjọba ìbílẹ̀ mẹ́wẹ̀ẹ̀wá Òkè-Ògùn, ìwé irú ọmọbìnrin yìí ni wọn yóò wò. Bí a bá purọ́ fún un, àwọn ọmọ wa ni a purọ́ mọ́.

Àjọ ìlera àgbáyé kéde ní ọdún 2022 pé àwọn aláàbọ̀ ara tó 1.3 bílíọ̀nù ní ayé, èyíinì ni nǹkan bí ẹnì kan nínú ènìyàn mẹ́fà. Ìlú wo ni yóò wá sọ pé òun kò ní? Kì í sì í ṣe èpè, kì í ṣe ẹ̀san. Kòkòrò kékeré kan tí ń jẹ ènìyàn létí odò tí ó ń ṣàn kíkankíkan ni ó fọ́ ọ̀pọ̀ àgbẹ̀ lójú. Láti ọdún 1987 ni ilé-iṣẹ́ Merck ti ṣe ìlérí láti máa fi oògùn rẹ̀ tọrẹ. Àrùn rọmọlápá-rọmọlẹ́sẹ̀ ni ó mú ẹsẹ̀ àwọn mìíràn. Lóòótọ́, ní ọdún 2020 ni a kéde pé irú rẹ̀ ti inú igbó ti kúrò ní Nàìjíríà, ṣùgbọ́n àwọn tí ó ti bà jẹ́ ṣáájú ṣì wà láàyè, wọ́n fẹ́ jẹun, wọ́n fẹ́ ní ìyàwó, wọ́n fẹ́ kọ́lé.

Ẹ jẹ́ kí á padà sí ọ̀dọ̀ Ànábì wa Muhammad (kí ìkẹ́ àti ìgẹ̀ Ọlọ́run máa bá a). Gbogbo wa ni a mọ ìtàn Súrà Abasa, bí Ọlọ́run ti bá a wí nítorí afọ́jú nì, Abdullahi ọmọ Ummu Maktumu, tí ó wọlé wá nígbà tí ó ń bá àwọn ìjòyè Mọ́kà sọ̀rọ̀. Ibẹ̀ ni púpọ̀ nínú wa máa ń dé wàásù sí. Ohun tí ó ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn náà ni ó yẹ kí á wò. Ànábì fi í ṣe ladani pẹ̀lú Bilali, ó sì fi í ṣe adelé ní Mọdínà nígbà tí òun bá lọ sógun. Iṣẹ́ àti ipò ni ó fún un.

Ẹ rántí ọkùnrin ará Mọdínà tí ó wá tọrọ. Ara rẹ̀ dá o, kì í ṣe arọ, ṣùgbọ́n ẹ̀kọ́ rẹ̀ kan ọ̀rọ̀ wa. Ànábì ta aṣọ àti ife rẹ̀ ní díríhámù méjì, ó ní kí ó fi ọ̀kan ra oúnjẹ fún ará ilé rẹ̀, kí ó fi èkejì ra àáké. Ọwọ́ ara rẹ̀ ni ó fi so igi mọ́ àáké náà, ó sì rán an lọ ṣẹ́gi tà. Ìmáàmù Nawawi pẹ̀lú kọ ọ́ sínú Majimuu pé láti inú sàká ni kí a ti ra irinṣẹ́ fún aláìní tí ó mọ iṣẹ́ ọwọ́.

Ní Ìsẹ́yìn wa níbí, kí ni a lè rà? Ìlú aṣọ òfì ni. Adití ní ojú, ó ní ọwọ́, ó ní ẹsẹ̀. Kí ni kò ní jẹ́ kí ó ju ọ̀kọ̀? Arọ kò lè tẹ ìtẹsẹ̀, ṣùgbọ́n yóò ká òwú, yóò sì rán aṣọ tẹ́ẹ́rẹ́tẹ́ẹ́rẹ́ náà pọ̀ bí ẹ bá ra ẹ̀rọ ìránṣọ alọ́wọ́ fún un. Ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, ti àgbàlagbà kò wọ kèrègbè. Nínú iṣẹ́ òfì, ọwọ́ gbogbo ni a ń wá. Owó tí à ń ná lórí aṣọ ẹgbẹ́jọdá wòlímọ̀ kan ṣoṣo yóò ra irinṣẹ́ fún ju ẹnì kan lọ. (Mo mọ̀ pé àwọn ìyá àdínnì yóò bínú sí mi. Ẹ má bínú.)

Ní ti ẹ̀kọ́, ìjọ Kátólíìkì ni ó dá ilé-ẹ̀kọ́ afọ́jú Pacelli sílẹ̀ ní Sùúrùlérè ní 1962. Andrew Foster, Kìrìsìtẹ́nì ará Amẹ́ríkà tí òun fúnra rẹ̀ jẹ́ adití, ni ó dá ilé-ẹ̀kọ́ adití sílẹ̀ ní Ìbàdàn ní 1960. Àwa ńkọ́? Láìsí pé ilé-kéú gba Taha Hussein ará Íjíbítì ní kékeré nígbà tí ojú rẹ̀ ti fọ́, kì bá tí há Àlùkùráánì sórí, kì bá tí dé Al-Azhar. Ní 1914 ó gba oyè ọ̀mọ̀wé ní Káírò. Ìwádìí tí ó sì ṣe dá lórí Abu al-Ala al-Ma'arri, akéwì tí òun náà jẹ́ afọ́jú. Ó di mínísítà ètò ẹ̀kọ́ ní 1950. Kì í ṣe gbogbo ohun tí ó kọ ni àwa àfáà fara mọ́, ṣùgbọ́n afọ́jú ni ó di oníwàádìí yìí, kò dúró kí ẹlòmíràn máa wádìí rẹ̀.

Òfin pẹ̀lú ti wà. Ní oṣù kìíní ọdún 2019 ni Ààrẹ Muhammadu Buhari buwọ́ lu òfin tí ó ní a kò gbọdọ̀ fi ẹ̀tọ́ aláàbọ̀ ara dù ú. Ó ní 5 nínú 100 òṣìṣẹ́ ilé-iṣẹ́ ìjọba kí ó jẹ́ tiwọn; ó fún àwọn ilé tí gbogbo ènìyàn ń lò ní ọdún 5 láti tún ẹnu ọ̀nà wọn ṣe, ọdún 5 náà sì pé ní 2024. Ó tún ka lílo aláàbọ̀ ara fún báárà sí ẹ̀ṣẹ̀. Àtẹ̀gùn mọ́sáláṣí tèmi jẹ́ mẹ́fà, kò sí ibi tí kẹ̀kẹ́ arọ lè gbà.

Ọ̀rọ̀ ara mi ni ó kù. Ní ọdún mélòó kan sẹ́yìn, bàbá kan mú ọmọ rẹ̀ adití wá sí ilé-kéú mi. Mo ní kí ó mú un padà, pé èmi kò mọ bí a ti ń kọ́ adití. Láti 1977 ni kọ́lẹ́ẹ̀jì tí ń kọ́ àwọn olùkọ́ irú ọmọ bẹ́ẹ̀ ti wà ní Ọ̀yọ́, nítòsí wa níbí, n kò sì béèrè. Èmi àti akẹ́kọ̀ọ́ náà lọ wá a kàn. Ó ti di géńdé, ó ń kọ ebè fún olóko kan. Nígbà tí ọmọbìnrin yìí béèrè iye owó rẹ̀, a rí i pé ìdajì ohun tí wọ́n ń san fún àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ni wọ́n ń san fún un, nítorí kò lè ná an. Iye ebè kan náà ni wọ́n ń kọ. Olóko náà ń kírun ní sàfù kìíní lẹ́yìn mi.

Mo ti lọ bá a nílé. Ó ní òun yóò rò ó wò. Mo sọ fún un pé ìdajì owó tí ó ti jẹ ní ẹ̀yìn pàápàá, yóò san án, àti pé lọ́jọ́ Jímọ̀ tí ń bọ̀, èmi yóò tún dé ilé rẹ̀.